Ọ̀tún ni àbí òsì? Ìdí tí ọkọ̀ ojú irin kò fi gba ọwọ́ kan náà káàkiri ayé

Ní orílẹ̀-èdè Faransé, ọwọ́ ọ̀tún ni mọ́tò ń gbà lójú títì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Paris lọ sí Rouen yóò rí i pé ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ náà ń gbà, àwọn ọkọ̀ tó ń ti Rouen bọ̀ sì ń kọjá lápá ọ̀tún rẹ̀. Bí ẹni náà bá padà dé Paris, tó wá wọ mẹ́tírò tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ ìlú náà, yóò tún rí i pé ọwọ́ ọ̀tún lòun ń gbà. Ìlú kan ṣoṣo nìyẹn o.

Kì í ṣe ilẹ̀ Faransé nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní China, Sweden àti Argentina, ọ̀tún ni mọ́tò, òsì ni rélùwéè. Ní Jámánì, ọ̀tún ni méjèèjì. Ní Britain àti Japan, òsì ni méjèèjì. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀tún ni púpọ̀ jù lọ nínú wọn, àmọ́ àwọn ojú irin kan wà ní Chicago tó jẹ́ pé òsì ni.

Ta ló pinnu rẹ̀? Kí ló dé tí wọn kò yí i padà? Kí ló sì kan ẹni tó ń sọdá ojú irin ní Agége tàbí Àgbádó nínú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ọwọ́ lásán lọ, nítorí ẹ̀mí ti bá a lọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ojú irin kan, ojú irin méjì

Níbi tí ojú irin bá ti jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kò sí ọ̀rọ̀ ọ̀tún tàbí òsì níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lọ àti ọkọ̀ tó ń bọ̀, orí irin kan náà ni wọ́n ń gbà. Tí ọkọ̀ méjì bá máa pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró sí tẹ́ṣàn tí wọ́n ti tẹ́ irin kejì sí ẹ̀gbẹ́, kí èkejì fi ráyè kọjá. Bí rélùwéè ìjọba amúnisìn tó so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn ní 1901 ṣe rí nìyẹn. Tí ọkọ̀ kan bá pẹ́ lọ́nà, àwọn tó wà nínú èkejì á jókòó sí tẹ́ṣàn, wọ́n á máa wo ọ̀nà.

Ojú irin méjì ló wá yanjú ìyẹn. Wọ́n á tẹ́ irin méjì síra wọn, wọ́n á ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń lọ, wọ́n á sì ya èkejì sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀. Ọkọ̀ kò ní í máa dúró de ara wọn mọ́. Ọkọ̀ púpọ̀ lè rìn lójúmọ́ kan, ewu kí ọkọ̀ méjì forí gbára wọn á sì dín kù gan-an.

Irú èyí ni rélùwéè tuntun tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tó gùn tó kìlómítà 157, tí iléeṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ China kọ́. Ọjọ́ 10, oṣù kẹfà, ọdún 2021 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí i. Ojú irin méjì náà ni Blue Line ti ìpínlẹ̀ Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Marina àti Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023.

Kété tí irin bá ti di méjì, ìbéèrè kan á jáde: èwo ni ti àwọn tó ń lọ, èwo ni ti àwọn tó ń bọ̀? Gbogbo orílẹ̀-èdè tó ní ojú irin méjì ló ti dáhùn ìbéèrè yìí, ìdáhùn wọn ni kò bára mu.

Níbo ni ọwọ́ òsì ti bẹ̀rẹ̀?

Ilẹ̀ Britain ni. Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1830 ni wọ́n ṣí ojú irin tó so Liverpool àti Manchester pọ̀, nǹkan bíi kìlómítà 50. George Stephenson ni ẹnjiníà tó darí iṣẹ́ náà. Ojú irin méjì ni wọ́n tẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì ní kí ọkọ̀ máa gbà, bí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ṣe ń gba òsì lójú títì wọn nígbà náà. Ohun tójú wọn mọ̀ ni wọ́n gbé sórí irin.

Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn fẹ́ ní rélùwéè tiwọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ránṣẹ́ pe àwọn ẹnjiníà Britain. Joseph Locke, tó ti bá Stephenson ṣiṣẹ́, ló kọ́ ojú irin Paris sí Rouen, tí wọ́n ṣí ní 1843. Òun àti àwọn tó bá a lọ ló gbé àṣà ọwọ́ òsì dé ọ̀dọ̀ àwọn Faransé. Ìdí nìyí tí rélùwéè ilẹ̀ Faransé fi ń gba òsì títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́tò wọn kò gba ibẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Japan, níbi tí àwọn ẹnjiníà Britain ti ran ìjọba lọ́wọ́ láti kọ́ ojú irin àkọ́kọ́, láti Shimbashi ní Tokyo sí Yokohama, ní 1872. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní India, níbi tí Britain ti ń ṣèjọba. Ní Argentina, àwọn iléeṣẹ́ Britain ló kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ojú irin ibẹ̀. Belgium, Switzerland àti Italy náà ń gba òsì.

Jámánì, Netherlands àti Denmark ń gba ọ̀tún ní tiwọn. Kò sí ìpàdé kankan tí gbogbo ayé ti jókòó sọ pé báyìí ni kó rí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló fi àṣà tirẹ̀ lélẹ̀, àwọn tó dé lẹ́yìn sì ń bá a lọ.

Mọ́tò yí padà, rélùwéè kò yí

Àwọn àgbàlagbà tó ń gbọ́ rédíò lónìí yóò rántí ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972. Ọjọ́ náà ni Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún lójú títì. Òsì tí Britain fi sílẹ̀ là ń gbà tẹ́lẹ̀, nígbà tí Benin, Niger àti Cameroon tó yí wa ká ń gba ọ̀tún. Ilẹ̀ mọ́, ó di pé kí oníkálukú máa gba ẹ̀gbẹ́ kejì.

Sweden ti ṣe irú rẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1967. Ọjọ́ Àìkú ni, ní aago márùn-ún ìdájí. Argentina ṣe tirẹ̀ ní 1945, China sì ṣe é ní 1946. Nínú orílẹ̀-èdè mẹ́ta wọ̀nyí, mọ́tò kọjá sí ọ̀tún, rélùwéè dúró sí òsì. Kódà mẹ́tírò ìlú Stockholm, olú-ìlú Sweden, òsì ló ṣì ń gbà títí di ìsinsìnyí.

Kí ló dé tí ti mọ́tò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, tí ti rélùwéè kò rọrùn? Ìdí mẹ́rin ló wà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, awakọ̀ mọ́tò lè yí ọkọ̀ rẹ̀ sí ibi tó bá wù ú. Awakọ̀ rélùwéè kò lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì fúnra rẹ̀. Ibi tí irin bá gbé e gbà ló ń gbà.

Ìkejì ni iná àmì, ìyẹn àwọn iná tó ń sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ tàbí kó dúró. Ojú irin kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ ni iná náà kọjú sí. Tí wọ́n bá yí ọwọ́ padà, ẹ̀yìn iná ni awakọ̀ á máa rí. Gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò ní láti tú, kí wọ́n tún un rì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú irin dé òpin.

Ìkẹta ni àwọn ibi tí irin ti ń yà láti ojú kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n tẹ́ wọn bá ibi tí ọkọ̀ ti ń wá mu. Irin ìyapa tó dára fún ọkọ̀ tó ń ti ìlà oòrùn bọ̀ lè máà wúlò fún èyí tó ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀.

Ìkẹrin ni tẹ́ṣàn fúnra rẹ̀. Pèpéle tí èrò ń dúró sí, àtẹ̀gùn, ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ibòji tí wọ́n ń sá òjò sí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ́ nítorí pé wọ́n mọ ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ ìlú ńlá máa gbà.

Ìyẹn ni pé owó ńlá ni, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni. Kò sì sí èrè gidi tó máa ti ibẹ̀ jáde, nítorí pé, yàtọ̀ sí mọ́tò, rélùwéè kò ní í lọ pàdé ọkọ̀ àjèjì tí kò mọ òfin ibẹ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà ti kọ́ ojú ọ̀nà yẹn dunjú kó tó jókòó sídìí rẹ̀.

Ibi tí òsì ti ń di ọ̀tún

Wàhálà máa ń wà níbi tí àṣà méjì bá ti pàdé. Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù ni agbègbè Alsace àti Moselle ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn ogun 1870 sí 1871, Jámánì gba agbègbè náà. Ọwọ́ wọn ló wà títí ogun àgbáyé kìíní fi parí ní 1918. Láàárín àkókò yẹn, rélùwéè ibẹ̀ di ti ọwọ́ ọ̀tún bíi ti Jámánì.

Nígbà tí ilẹ̀ náà padà sọ́wọ́ Faransé, ìjọba lọ, òfin yí, rélùwéè kò yí. Ọ̀tún náà ló ń gbà títí di òní, apá ọ̀tún sì ni iná àmì wà níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé apá òsì ló wà ní ìyókù ilẹ̀ Faransé. Ní àwọn ibi tí ààlà àtijọ́ wà, wọ́n kọ́ afárá, kí ojú irin kan lè gba orí èkejì kọjá, kí ọkọ̀ tó ń gba òsì fi bọ́ sí ọ̀tún láìdúró. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè máà mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àwọn tó kẹ́yìn rí ààlà yẹn ti kú tipẹ́, àmọ́ ọkọ̀ ojú irin ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un lójoojúmọ́.

Sweden àti Denmark náà ní tiwọn. Nígbà tí wọ́n ṣí afárá Øresund láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì ní 2000, rélùwéè Sweden tó ń gba òsì pàdé ti Denmark tó ń gba ọ̀tún. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà sórí afárá. Inú Sweden ni wọ́n ti yí i, nítòsí ìlú Malmö, kí ọkọ̀ tó dé orí omi rárá.

Ní Seoul, olú-ìlú South Korea, rélùwéè ìjọba àpapọ̀ ń gba òsì, púpọ̀ nínú mẹ́tírò ìlú náà ń gba ọ̀tún. Line 4 kan àwọn méjèèjì. Nítorí náà, láàárín tẹ́ṣàn Namtaeryeong àti Seonbawi, ojú irin méjèèjì gba orí ara wọn kọjá nínú ihò abẹ́ ilẹ̀, kí ọkọ̀ lè pààrọ̀ ọwọ́. Irú iná mànàmáná tí ọkọ̀ ń lò náà sì ń yí padà níbẹ̀.

Ibì kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó gbọ́ ọ á rò pé wàhálà máa wà, àmọ́ tí kò sí: ihò abẹ́ òkun láàárín Britain àti ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ṣí ní 1994. Mọ́tò àwọn méjèèjì kò gba ọwọ́ kan náà, àmọ́ rélùwéè wọn ń gba òsì. Ohun tí Locke gbé lọ ní 1843 ló gba àwọn ọmọ-ọmọ wọn lọ́wọ́ ìnáwó.

Chicago àti Madrid: àṣà ibùjókòó

Ní Amẹ́ríkà tí ọ̀tún ti wọ́pọ̀, iléeṣẹ́ Chicago and North Western gba òsì. Àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé nígbà tí ojú irin ṣì jẹ́ ẹyọ kan, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n kọ́ ilé tẹ́ṣàn sí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ìkejì, òdì kejì ni ààyè wà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Chicago láàárọ̀ ló máa ń dúró de ọkọ̀ pẹ́, àwọn tó ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́ kò dúró, ilé ni wọ́n ń lọ tààrà. Wọ́n wá fi ojú irin tó wà lẹ́bàá ilé tẹ́ṣàn sílẹ̀ fún ọkọ̀ àárọ̀, kí èrò lè dúró sínú ilé nígbà òtútù. Ìyẹn sọ ojú irin náà di ti ọwọ́ òsì. Iléeṣẹ́ náà ti wọnú Union Pacific báyìí, àmọ́ òsì náà ṣì ni.

Ní Madrid, mẹ́tírò tí wọ́n ṣí ní 1919 ń gba òsì, nítorí pé òsì ni ọkọ̀ ìlú náà ń gbà lójú títì nígbà yẹn. Ní 1924, ojú títì bọ́ sí ọ̀tún. Mẹ́tírò kò tẹ̀ lé e.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ojú irin Liverpool sí Manchester gan-an ni ojú irin méjì kọ́kọ́ gba ẹ̀mí ènìyàn pàtàkì. Ọ̀rọ̀ náà yẹ lóhun tí gbogbo ẹni tó ń gbé lẹ́bàá rélùwéè gbọ́dọ̀ mọ̀.

Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ mẹ́jọ ló gbéra láti Liverpool. Èyí tó gbé Olórí Ìjọba Britain, Duke of Wellington, gba ojú irin kan fúnra rẹ̀. Méje yòókù gba ojú irin kejì. Ẹ kíyè sí i: ọ̀nà Manchester ni gbogbo wọn dojú kọ. Nítorí ayẹyẹ, wọn kò lo òfin lílọ-bíbọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí ọkọ̀ Wellington dúró ní Parkside láti bu omi, wọ́n ti kìlọ̀ fáwọn èrò pé kí wọ́n má sọ̀kalẹ̀. Àwọn kan sọ̀ síbẹ̀. William Huskisson, aṣòfin tó ń ṣojú Liverpool, wà nínú wọn. Ó lọ kí Wellington lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Ibi tó dúró sí, àárín irin méjèèjì ni, ààyè ibẹ̀ kò sì pọ̀.

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní Rocket ń bọ̀ lórí ojú irin kejì. Joseph Locke, ẹni tó wá kọ́ ojú irin Paris sí Rouen lẹ́yìn náà, ló ń wà á. Àwọn yòókù sá. Huskisson kò mọ ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kóun sá sí. Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ Wellington mú, ilẹ̀kùn náà ṣí síta, ó sì gbé e síwájú Rocket. Ẹ́ńjìnnì náà gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ló kú ní ìlú Eccles.

Kí ló kan ẹni tó ń sọdá?

Òfin ọ̀tún tàbí òsì, òfin àwọn tó ń wa ọkọ̀ ni. Kì í ṣe ìlérí fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Bí ẹnì kan bá ti ń gbé lẹ́bàá rélùwéè fún ọdún mélòó kan, ó lè ti mọ̀ lọ́kàn pé, "ti ibí yìí, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń bọ̀, ti ọ̀hún, Èkó ni." Ìmọ̀ yẹn gan-an ló léwu.

Tí iṣẹ́ àtúnṣe bá wà lórí irin kan, tàbí tí ọkọ̀ kan bá bàjẹ́ síbẹ̀, orí irin kejì ni wọ́n lè mú ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ gbà. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ojú irin òde òní ló ní iná àmì tó jẹ́ kí ọkọ̀ lè gba irin kọ̀ọ̀kan lọ àti bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí ẹni tó ń sọdá kò wò ni ọkọ̀ lè ti yọ.

Ewu kejì ni ọkọ̀ tó ń fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Ọkọ̀ kan á kọjá, ariwo rẹ̀ á gba etí, ara rẹ̀ á sì bo irin kejì. Ẹni tó ń kánjú á ní ó ti kọjá, á gbé ẹsẹ̀. Èkejì á sì ti wà níbẹ̀.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 tí Red Line ti ìpínlẹ̀ Èkó ti ń kó èrò láàárín Àgbádó àti Ọ̀yìngbò, iye ọkọ̀ tó ń kọjá lọ́nà yẹn ti pọ̀ sí i. Àwọn ará Èkó kò sì tíì gbàgbé ọjọ́ 9, oṣù kẹta, ọdún 2023, tí ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà kọ lu ara wọn ní PWD, tí ẹ̀mí sì ṣòfò.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò pọ̀:

- Ẹ gba orí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tàbí ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìsọdá. Bó jìnnà díẹ̀, ẹ fara dà á.
- Ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, fún irin kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe wo ẹ̀gbẹ́ kan nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà.
- Tí ọkọ̀ kan bá kọjá, ẹ dúró títí ẹ ó fi rí irin kejì kedere, lọ́tùn-ún àti lósì.
- Ẹ má ṣe dúró sí àárín irin méjèèjì. Ibẹ̀ ni Huskisson dúró sí.
- Ẹ yọ ohun èlò orin kúrò létí, ẹ sì di ọmọdé lọ́wọ́ mú.
- Ẹ má rò pé awakọ̀ á dúró. Ọkọ̀ tó ń sáré lè lọ tó kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tó bá ti tẹ bíréèkì, kò sì lè yà fún yín.

Bí rélùwéè ṣe ń gba ọ̀tún ní Berlin, tó ń gba òsì ní Tokyo, àwọn tó kọ́ ọ ló mọ ìdí rẹ̀. Ní ti ẹni tó fẹ́ sọdá, ọwọ́ méjèèjì ni kó wò. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.